Ọwọ́ Tí Káfíńtà Gbé Kúrò

Nígbà yẹn, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Káfíńtà, ṣì wà láyé. Bàbá onílé tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí yóò máa bá gbogbo ẹni tó ń kọjá wí, òun náà wà. Àbúrò Káfíńtà obìnrin wà, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò sinmi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Káfíńtà fúnra rẹ̀ wà, apá rẹ̀ le bí igi tó ń là, ìró ayùn rẹ̀ sì làwọn aládùúgbò fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ilé náà kún. Bí èèyàn bá sín ní yàrá ẹ̀yìn, wọ́n á ti máa kí i láti yàrá iwájú.

Inú ilé yìí ni ìyàwó Káfíńtà wọ̀. Nígbà tó dé, kò mọ iṣẹ́ kankan ju kó gbálẹ̀ kó sì máa rẹ́rìn-ín lọ. Ìyá Àgbà ló kọ́ ọ níṣẹ́. Iṣẹ́ ara wíwọ́ ni Ìyá Àgbà ń ṣe. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, ẹni tí ọrùn rẹ̀ kọ̀ tí kò yí mọ́, ẹni tí ìdúró mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, gbogbo wọn ló ń wá bá a ní yàrá kan tó kọjú sí títì. Yàrá náà ò tóbi. Bẹ́ẹ̀dì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí Káfíńtà kàn, ó ga dé ìbàdí èèyàn, kí ẹni tó ń wọ́ ara má baà tẹ̀ títí tí òun náà yóò fi di aláìsàn. Abọ́ òróró máa ń wà nínú omi gbígbóná kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Aṣọ funfun tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n sì sá máa ń wà lórí àga. Inú ni ìkọ́ ilẹ̀kùn wà, oníbàárà ló sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ, òun náà ni yóò ṣí i nígbà tó bá wù ú.

Ìyá Àgbà ní bó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Bí oníbàárà bá ti dùbúlẹ̀, yóò dúró tì í, yóò gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, yóò ní, "Ṣé kí ọwọ́ wá?" Bí ẹni náà ò bá dáhùn, ọwọ́ ò ní wá. Kì í gba orí mímì, kì í gba "hùn-ún." Ó gbọ́dọ̀ fẹnu sọ ọ́ pé, "Kó wá." Lẹ́yìn ìyẹn ni Ìyá Àgbà yóò tún bi í pé ibo ni kò fẹ́ kí ọwọ́ dé. Ẹlòmíì á ní ikùn. Ẹlòmíì á ní ọrùn, kò ní sọ ìdí rẹ̀, Ìyá Àgbà náà ò sì ní bi í. Bó bá wá jẹ́ pé níbi tí iṣẹ́ ti wọra gan-an ni ẹni náà ti ní "Rárá," ọwọ́ yóò gbéra kíá, bí ọwọ́ ẹni tó kan irin gbígbóná, kò sì ní padà àfi bí ẹni náà bá pè é.

"Ìwọ lo lé e," ni Ìyá Àgbà máa ń wí, "ìwọ náà lo máa pè é. Èmi ò ní dúró lé ẹ lórí kí n máa bi ọ́ bóyá ó dá ẹ lójú."

Ọ̀gá ọ́fíìsì kan wá lọ́jọ́ kan. Ó dùbúlẹ̀ tán, ni ọwọ́ tirẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síbi aṣọ ìyàwó Káfíńtà. Ìyá Àgbà ò pariwo. Ó kàn tẹ̀ ba síbi etí ọkùnrin náà.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ti dùbúlẹ̀ dáadáa?"

"Mo ti dùbúlẹ̀, Ìyá."

"Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín náà dùbúlẹ̀."

Ọ̀gá dìde, ó wá bàtà rẹ̀ títí, ó wọ̀ ọ́ sódì, ó lọ.

Irú ilé tí wọ́n ti tọ́ Káfíńtà nìyẹn. Nígbà tó ń fẹ́ ìyàwó rẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá wà láwọn nìkan, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró, ó ní, "Ṣé kí ọwọ́ wá?" Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti rí àwọn ọkùnrin tí ọwọ́ wọn máa ń ṣáájú ẹnu wọn dé. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ń dúró de ẹnu, kò rí irú rẹ̀ rí. "Kó wá," ló wí. Bó ṣe di ìyàwó ilé nìyẹn.

Ó lóyún. Oyún náà ti yọ dé ibi tí àwọn èèyàn ti ń dìde fún un lórí àga, ló bá bàjẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn tó ti ilé ìwòsàn dé, ó dojú bo ìrọ̀rí, ó ń sunkún. Káfíńtà wọlé, ó rọra jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé kí ọwọ́ wá?"

"Kó wá."

Ọwọ́ náà balẹ̀ sí ẹ̀yìn ìbàdí rẹ̀. Ó gbóná, ó sì tù ú lára. Ó kàn jẹ́ pé ọwọ́ káfíńtà ni, ó wúwo díẹ̀ fún ibi tó ṣì ń ro ó. Láti inú ìrọ̀rí, pẹ̀lú ẹkún, obìnrin náà wí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Rọra."

Ọwọ́ náà gbéra.

Ó dúró kó padà. Ó gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì mí sókè bí ìgbà tí ẹni tó jókòó bá dìde. Ó gbọ́ ilẹ̀kùn. Kò pẹ́, ó gbọ́ ayùn ní ṣọ́ọ̀bù, lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bó bá di alẹ́, yóò padà wá. Kò padà. Ọjọ́ kejì, kò padà. Oṣù yẹn parí, òmíràn dé, Káfíńtà ò tún gbé ọwọ́ sókè níwájú rẹ̀ mọ́, kò tún bi í ní nǹkan kan.

Kì í ṣe pé ó le sí i o. Bí ọkùnrin bá ń ṣìkẹ́ obìnrin, Káfíńtà ṣìkẹ́ tirẹ̀. Òun ló ń gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ ká iná. Bí àga rẹ̀ bá mì díẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni yóò tún un ṣe. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò, wọ́n jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Ṣùgbọ́n àlàfo kan wà láàárín wọn lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ó fẹ̀ tó kí ẹnì kẹta dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Obìnrin náà ò ní ju èrò kan lọ lọ́kàn: pé láti ọjọ́ tí ara òun ti kọ̀ láti gbé ọmọ dúró, ara náà ti sú ọkọ òun. Ta ló fẹ́ sọ irú ẹ̀ fún? Ṣé ìyá ọkọ rẹ̀ ni? Ojú tì í láti pe ọkọ fúnra rẹ̀. Tó bá sì pè é, tí kò wá ńkọ́? Ó sàn fún un kó máa retí ju kó gbọ́ ọ létí ara rẹ̀ pé wọn ò fẹ́ òun mọ́.

Ó ń retí ni o. Ọdún ń gorí ọdún. Bàbá onílé kú, wọ́n gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Àgbà kú, ìyàwó Káfíńtà ló wá gba yàrá ẹ̀gbẹ́ títì àti bẹ́ẹ̀dì tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn èèyàn sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ń pè é ní Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ara èèyàn ló wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ ẹ̀yìn dírẹ́bà, ó mọ èjìká àwọn tó ń ru ẹrù, ó mọ ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì. Gbogbo ara yẹn ló ń tú sílẹ̀ wọ̀ọ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, olúkúlùkù á sì mí kanlẹ̀, á dìde, á lọ bá àwọn ará ilé rẹ̀. Bí ẹni ìkẹyìn bá ti lọ, Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì náà, á gbé ọwọ́ ara rẹ̀ lé èjìká ara rẹ̀. Kò jọ ọwọ́ ẹlòmíì. Kò jọ ọ́ rárá.

Ohun kan ló ń fi tan ara rẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Télọ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì títì. Bí Télọ̀ bá ń wọn èèyàn, á fi téèpù yí àyà rẹ̀ po, á fi ìka tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìbàdí, á ní, "Dúró dáadáa." Ìyẹn náà ni Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ ń tìtorí rẹ̀ lọ. Bó bá ti rí aṣọ kékeré kan rà, ó di ṣọ́ọ̀bù Télọ̀.

"Ìwọ obìnrin yìí," ni Télọ̀ wí lọ́jọ́ kan, "ìwọ̀n rẹ wà lọ́wọ́ mi. O ò sanra, o ò rù. Kí ni mo tún fẹ́ wọ̀n?"

"Ṣáà wọ̀n ọ́n. Ó lè ti yàtọ̀."

"Ó yàtọ̀ níbo? Àbí o ní ẹnì kan tó ń rí i tí èmi ò mọ̀?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín sí i. Télọ̀ sì wọ̀n ọ́n. Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ dijú.

Ọjọ́ dé tí ẹ̀yìn Télọ̀ fúnra rẹ̀ há. Ó ti tẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀, bó ṣe fẹ́ nàró ló rí i pé kò ṣeé ṣe. Ó wọ́ rìn sọdá títì bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù nílẹ̀, ó ń bú gbogbo mọ́tò tó ń fọn fèrè fún un. Ó gun orí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ariwo, ó dojú bolẹ̀.

"Ṣé kí ọwọ́ wá?"

"Ṣé o tún ń bèèrè ni? Kó wá, kó sáré wá!"

"Ibo ni kò gbọdọ̀ dé?"

"Àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Bí o bá fọwọ́ pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀, mo máa ta ọ́ nípàá."

Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ fi òróró sọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀. Ó rí ibi tó dì, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Télọ̀ bẹ́ sókè, ó ki ẹnu bọ aṣọ funfun, ó kígbe nǹkan kan síbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà, Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò. Ó sún sẹ́yìn. Ó dúró.

Télọ̀ náà ń dúró. Ó rò pé òróró ló lọ mú. Nígbà tó pẹ́, ó gbé orí sókè.

"Ṣé o ti sùn ni?"

"O ní rárá."

"Èmi? Èmi ni mo ní rárá? Ẹ̀yìn tó fẹ́ pa mí yìí ni mo máa wá ní rárá fún? Rọra ni mo wí!"

"Rárá ni mo gbọ́."

"Etí rẹ ló ń wọ́ ara, kì í ṣe ọwọ́ rẹ."

"Ó dáa, dojú bo aṣọ, kó o tún un wí bó o ṣe wí i."

Télọ̀ fi orí padà sínú aṣọ. "Fọwọ́ tẹ ibẹ̀ ná, kó lè dùn mí." Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ tẹ̀ ẹ́. Télọ̀ pariwo. Ohùn tí ìrora gbé lọ sókè, aṣọ gbé e mì, ohun tó jáde sí yàrá kò jọ nǹkan mìíràn ju rárá lọ. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ké yéè nítorí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ náà ń rẹ́rìn-ín. Lójijì, ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó wá àga, ó jókòó sórí aṣọ mímọ́, ó jókòó sí i bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òróró.

"Kí ló dé?" ni Télọ̀ bi í. "Ọlọ́wọ́, kí ló dé? Ojú rẹ ti yí."

"Kò sí. Jẹ́ kí n parí ẹ̀yìn rẹ."

Ó parí rẹ̀, àmọ́ kò mọ bó ṣe parí rẹ̀. Bí Télọ̀ ṣe sọdá tán, kò nu ọwọ́, ó gba ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ lọ. Oòrùn ń ta, àwọn ènìyàn ń kí i, ó ṣáà ń lọ.

Káfíńtà nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń fá pákó, èérún igi ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun. Ọmọ aládùúgbò tí wọ́n bí lọ́dún tí oyún yẹn bàjẹ́ ti lọ sílé ọkọ.

"Ṣé kò sí o?" ló wí nígbà tó rí i.

"Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan."

"Bi mí."

"Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn. Nígbà tí mo ti ilé ìwòsàn dé. Ẹ gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn. Kí lẹ gbọ́ tí mo wí?"

Kò ní "ọjọ́ Ìsinmi wo?" Ó gbé ohun tó fi ń fá pákó sílẹ̀.

"O ní rárá."

"Rọra ni mo wí."

Káfíńtà yọ pẹ́ńsùlù tó fi há etí. Ó wò ó bí ẹni tí kò rí pẹ́ńsùlù rí.

"O ní kí ni?"

"Rọra. Ó ń dùn mí, mo ní kí ẹ rọra. Èmi ò lé yín."

Ó jókòó sórí pákó tó ń fá. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti ọmọdé. "Kí ló dé tí o ò pè mí padà?"

"Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

"A kì í bèèrè lẹ́ẹ̀kejì nílé wa! Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ní rárá, òun ló máa pe ọwọ́. Mò ń retí kí o pè mí. Mo sọ pé ara rẹ ni, ìyà tó jẹ ọ́ kì í ṣe kékeré, n ò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Mò ń dúró."

"Èmi náà ń dúró."

"Gbogbo ọdún yìí?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ó fi ọwọ́ nu ojú, lẹ́búlẹ́bú igi wọ ojú náà, ó tún wá ń sunkún méjì papọ̀. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rẹ́rìn-ín. Káfíńtà wá dìde. Láàárín ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, àwọn ọwọ́ tó ti dá oríṣiríṣi àpá, ó ní, "Ṣé kí ọwọ́ wá?"

Ẹ̀yin náà á rò pé ó ti sáré sí i. Ohun tó ti ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí dúró níwájú rẹ̀. Ó la ẹnu, "kó wá" kò jáde. Ara rẹ̀ ti dì. Ó ti kọ́ láti wà láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì mọ bí yóò ṣe ṣí ilẹ̀kùn náà ní ọ̀sán kan ṣoṣo.

"Kì í ṣe lónìí," ló wí, ẹ̀rù sì bà á bó ṣe wí i.

Káfíńtà gbé ọwọ́ sílẹ̀. "Ó dáa," ló wí. "Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, mo máa bèèrè lọ́la. Kí Ìyá mi jọ̀ọ́ dárí jì mí."

Ó bèèrè lọ́jọ́ kejì, ó bèèrè lọ́jọ́ kẹta. Nígbà mìíràn, láàárín oúnjẹ, á gbé ṣíbí sílẹ̀, á gbé ọwọ́ sókè láìsọ nǹkan kan, ìyàwó rẹ̀ á ní, "Ẹ jẹun, ẹ jọ̀ọ́." Lọ́jọ́ kan, ó ń ká aṣọ, ó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan, òun fúnra rẹ̀ ló wí i: "Kó wá. Èjìká nìkan o." Ọwọ́ náà wá. Èjìká nìkan ló dé. Obìnrin náà dúró pẹ̀lú aṣọ tó ká dé ìdajì lọ́wọ́, kò sì fẹ́ kó tán.

Ohun kan wà tí òun náà ò mọ̀. Ó rò pé ẹ̀kọ́ yìí kò kan òun, torí ọwọ́ òun ni gbogbo èèyàn ń wá. Lọ́jọ́ kan tó rí i tí Káfíńtà ń tiro, ó kàn fà á lẹ́sẹ̀ sórí itan ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ orúnkún rẹ̀.

"Rárá," ni Káfíńtà wí. "Rárá gan-an ni mo wí o, kì í ṣe rọra."

Obìnrin náà gbé ọwọ́ kúrò, ó ń wò ó. "Kí ni mo ṣe?"

"O ò bi mí. Ó tún wá jẹ́ pé ọwọ́ iṣẹ́ lo fi ń wọ́ mi, bíi pé dírẹ́bà kan tó ń kánjú ni mí. Èmi ò wá ṣe oníbàárà. Ọwọ́ ìyàwó mi ni mo fẹ́."

"Ọwọ́ kan náà ni."

"Kì í ṣe ọwọ́ kan náà. Gbé ọwọ́ lé e, kó o má tún nǹkan kan ṣe."

Ó bi í. Káfíńtà ní kó wá. Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé orúnkún náà, kò sì tún nǹkan kan ṣe. Ó nira fún un ju iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ. Ìka rẹ̀ ń wá ibi tó dì, ó ń sọ fún wọn kí wọ́n sinmi. Lẹ́yìn náà ló wá mọ̀ pé òun ń gbọ́ ìgbóná ara ọkọ òun, pé ó ti pẹ́ tí òun ti fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó ń dùn wọ́n níbì kan.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Àlàfo orí bẹ́ẹ̀dì dín kù. Kì í ṣe pé ìgbà èwe padà wá, kò padà. Àwọn ìgbà kan wà tí Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ á dùbúlẹ̀ sí apá ọkọ rẹ̀, tí àárò apá náà yóò sì máa sọ ọ́ síbẹ̀, apá ìgbà tó ṣì le, tí irun orí ọkọ rẹ̀ ṣì dúdú, apá tí òun kò sùn lé nígbà náà. Ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Káfíńtà ní, "Èmi náà, àárò rẹ ń sọ mí. Sún mọ́ mi."

Ikọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Káfíńtà lẹ́nu nígbẹ̀yìn. Kò lè fá pákó mọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kó padà wá sílé láti bá wọn tọ́jú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò sì sinmi síbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tí ara Káfíńtà dà bíi pé ó fúyẹ́, ìyàwó rẹ̀ gbé òróró gbígbóná wá. Ó bi í. Káfíńtà ní kó wá, ó ní ẹsẹ̀ ni òun fẹ́. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ọ̀tún, láti ọmọ ìka dé kókósẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹsẹ̀ náà ń dán. Bó ṣe fẹ́ mú ti òsì, Káfíńtà fa ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn díẹ̀.

"Ó tó," ló wí. "Ó dùn mọ́ mi. Jẹ́ kí n lọ gbọ́ oòrùn ná."

"Ẹyọ kan ló kù."

"Mo mọ̀. Ó tó."

Wọ́n mú un jókòó síta. Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ wọlé lọ da òróró náà padà sínú ìgò. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló pè é láti ìta, ó pè é lẹ́ẹ̀kan, kò tún sọ nǹkan mìíràn, òun tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Nígbà tí wọ́n gbé e wọlé tí wọ́n tẹ́ ẹ, ẹsẹ̀ méjèèjì yọ síta lábẹ́ aṣọ, ọ̀kan ń dán, èkejì gbẹ. Àbúrò rẹ̀ bojú wò wọ́n, ó sunkún, ó lọ gbé ìgò òróró wá, ó nà án sí i.

"Ìyàwó wa, bá a parí èkejì. Kò dáa kó lọ báyìí."

Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ gba ìgò náà, ó gbé e sílẹ̀, ó fa aṣọ náà sọ́dọ̀ díẹ̀ kó lè bo ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó jókòó tì í títí àwọn èèyàn fi dé.